Ṣé ìlú tí ìjì líle bà jẹ́ tún lè dìde? Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra ilé ní New Orleans

Aduke_Bodija
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Atlanta ti ń wá ilé tó máa rà, owó ilé Atlanta ti ju agbára ẹ̀ lọ, ẹnìkan wá sọ fún un pé kó lọ wo New Orleans, pé ilé tápá ẹ̀ máa ká ṣì wà níbẹ̀. Látìgbà tó ti sọ ọ́ fún mi lọ́kàn mi ò ti balẹ̀. Mo ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń fi ìlú yẹn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2005 nígbà ìjì Katrina, àwọn èèyàn lórí òrùlé tí wọ́n ń juwọ́ sí hẹlikọ́pútà, àwọn arúgbó nínú oòrùn tí ò rí omi mu. Ìlú tí omi bò tó báyẹn, ṣé ó lè padà di ìlú lóòótọ́ àbí wọ́n kàn kun ún lọ́dà ni? Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ da owó tó fi iṣẹ́ alẹ́ kó jọ sínú omi.

BabaToba_Houston
Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú àníyàn. Houston ni mo wà nígbà yẹn, bọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń kó àwọn ará New Orleans wá sí Astrodome, pápá ìṣeré ńlá tó wà níbí, ìyàwó mi àtàwọn obìnrin ìjọ wa sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Màmá kan sọ fún un pé òun ti rẹ ẹ̀wà pupa sómi lálẹ́ Sunday kóun tó sá lọ sí Superdome, pápá ìṣeré ńlá tiwọn ní New Orleans, torí pé Monday ni wọ́n máa ń se é nílùú wọn, ó ń kọminú pé ẹ̀wà òun á ti bà jẹ́. Kò tíì mọ̀ pé omi ti dé òrùlé ilé òun.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe atẹ́gùn ló pa ìlú yẹn. Ìjì náà wọlẹ̀ ní Louisiana láàárọ̀ August 29, 2005, àárín ẹ̀ gan-an ò tiẹ̀ gba inú New Orleans kọjá. Àwọn ògiri tí wọ́n mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ canal, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ gba inú ìlú, láti dá omi dúró ló ya. Ti 17th Street Canal àti London Avenue Canal, omi ò tíì kún dé orí ògiri tí wọ́n fi wó, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni ò dáa, Army Corps of Engineers tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́ ọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ wá rẹlẹ̀ bí abọ́, omi tó wọlé ò ríbi jáde, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú ló wà lábẹ́ omi, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èèyàn tó kú ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ṣé ó dìde? Ó dìde o. Ṣùgbọ́n wo iye èèyàn. Ní 2000 wọ́n ka 484,674. Ní 2010 wọ́n ka 343,829. Ní 2020, 383,997. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ò padà yẹn, Houston níbí ni wọ́n wà, àwọn ọmọ wọn ti di ará Texas.

Kafinta_Louisiana
Ẹ̀gbọ́n wa ti sòótọ́. Iṣẹ́ ilé títún ṣe ni mò ń ṣe, mo ti ṣe é ní Gentilly, mo ti ṣe é ní New Orleans East, àdúgbò New Orleans ni méjèèjì, Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nílé kan fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, òórùn lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Èébu dúdú á ti gun ògiri dé àjà, ẹ máa rí ìlà ibi tí omi dúró sí yípo yàrá gbogbo. Fíríìjì ò ṣeé ṣí rárá, ẹran tó jẹrà ló kún inú ẹ̀, tépù ni wọ́n fi ń dì í pa kí wọ́n tó gbé e sójú títì, gbogbo àdúgbò ló kún fún fíríìjì tí wọ́n dì pa. Níta, lára ògiri iwájú, àwọn tó ń wá èèyàn kiri ti fi ọ̀dà fọ́n X ńlá síbẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n dé sókè, wọ́n á kọ iye èèyàn tí wọ́n bá sísàlẹ̀, alààyè tàbí òkú. Àwọn onílé kan ò pa á rẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé la máa kó dànù, a máa já ògiri inú títí ó fi máa ku igi tó dúró nìkan, ká tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ṣeé ṣe. Owó ẹ̀ ni wàhálà. Ìjọba Louisiana gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Road Home, owó ìjọba àpapọ̀ ni, ó lè tó $150,000 fún onílé kan. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀: wọ́n á wo iye tí ilé yẹn tó lọ́jà kí ìjì tó jà, wọ́n á tún wo iye tí títún un kọ́ máa ná onílé, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa lò. Pákó kan náà, ìṣó kan náà, owó iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n torí pé ilé ládùúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ò lówó lórí lọ́jà, owó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ò tó wọn kọ́lé. Wọ́n pẹjọ́, 2011 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀, ìjọba tún fi mílíọ̀nù dọ́là 62 sílẹ̀ fún àwọn tí ò tíì kọ́lé tán. Ọdún mẹ́fà ti kọjá nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ dúró dè é?

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé ẹbí, torí ọ̀rọ̀ yẹn yé àwa Yorùbá dáadáa. Ní Lower Ninth Ward, àdúgbò kan ní New Orleans, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bàbá àgbà ló kọ́lé, bàbá àgbà kú, ọmọ ń gbébẹ̀, ọmọ kú, ọmọ-ọmọ ń gbébẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ sí kóòtù lọ yí orúkọ tó wà nínú ìwé padà, kí ni wọ́n fẹ́ yí i fún nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé àwọn ló nilé. Ìgbà tí owó wá dé, wọ́n ní kí onílé mú ìwé wá. Orúkọ òkú ló wà lórí ìwé, àwọn àrólé wà ní Houston, wọ́n wà ní Atlanta, wọ́n wà ní Chicago, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí koríko bò níbẹ̀ títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé yìí wà nídìí ẹ̀.

ModupeA
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó àti ìwé nìkan o, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìlú jókòó sí. Ẹ wo Galveston ní Texas. September 8, 1900, ìjì kan pa ó kéré tán 6,000 èèyàn níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò kó lọ. Wọ́n mọ ògiri sétí òkun, gíga ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 17, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1902, wọ́n parí apá àkọ́kọ́ ní 1904. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé ìlú fúnra ẹ̀ sókè, ó lé ní 2,000 ilé tí wọ́n fi jáàkì gbé nílẹ̀, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì St. Patrick's, wọ́n á fa yanrìn òun omi láti inú òkun wá sábẹ́ ẹ̀, omi á ṣàn lọ, yanrìn á kù. Orí pákó tí wọ́n tò sókè làwọn èèyàn ń gbà lọ sọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjì ńlá mìíràn jà ní 1915, ògiri yẹn dúró, ìlú ò tún rí irú ikú ti 1900 mọ́.

Síbẹ̀ ipò èbúté ńlá tí Galveston wà tẹ́lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Houston gbẹ́ ọ̀nà omi tiẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1914, ọkọ̀ òkun ń kọjá lọ bá wọn níbẹ̀. Etí òkun Texas yẹn náà ni Indianola wà, èbúté ńlá ni lásìkò tiẹ̀, ìjì bà á jẹ́ ní 1875, wọ́n tún un kọ́ díẹ̀, òmíràn dé ní 1886, wọ́n bá pa á tì, wọ́n gbé olú ìlú àgbègbè yẹn lọ sí Port Lavaca. Nítorí náà Àdùkẹ́, ìlú míì wà tí kì í dìde.

BabaToba_Houston
Mọ́dúpẹ́ o ṣeun. Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí inú mi máa ń ru tí mo bá rántí ẹ̀. January 2006, ìgbìmọ̀ tí Mayor Ray Nagin gbé kalẹ̀ mú máápù kan jáde, wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ ewé sáwọn àdúgbò kan pé ibẹ̀ lè di pápá. Àwọn èèyàn ṣì wà ní ìlú onílùú, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti rí i pé pápá ni wọ́n fẹ́ fi ilé wọn ṣe. Broadmoor wà lára wọn, àwọn ará ibẹ̀ fárí gá, wọ́n kóra jọ, wọ́n ṣètò àtúnkọ́ tiwọn, àdúgbò yẹn sì wà títí dòní. Àwọn ará Vietnam tó wà ní New Orleans East náà, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Mary Queen of Vietnam, ló kó wọn padà láàárín oṣù díẹ̀, wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ẹni tó bá lè padà ló ń pinnu bóyá ìlú máa dìde.

Aduke_Bodija
Ẹ ṣeun gan-an ni o, Olúwa á bá wa tọ́jú gbogbo yín. Ká wá ní ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́, tó ní New Orleans náà ni, kí ni kó wò kó tó sanwó?

Kafinta_Louisiana
Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ògiri omi ti yàtọ̀ sí ti 2005, nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 14.5 ni wọ́n ná lé e lórí. Ìjì Ida dé ní August 29, 2021, ọjọ́ kan náà gan-an tí Katrina dé, ó sì le, ògiri yẹn ò ya. Iná ló lọ ní gbogbo ìlú, nínú ooru August, ìyẹn náà pa èèyàn.

Kó béèrè bí ilẹ̀ ṣe ga tó. French Quarter, àdúgbò àtijọ́ ìlú yẹn tó wà lórí ilẹ̀ gíga, omi Katrina ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Kó wo ìwé ilé náà dáadáa, kó má rà á lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo nígbà táwọn yòókù ò tíì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìnṣọ́ránsì, èyí wà lára ohun tó ń lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀. Ti ilé lásán ò kan ìkún omi, ti ìkún omi lọ́tọ̀ ni, ó sì máa ń tó 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ṣeé sáré rà nígbà tí ìjì ti ń bọ̀. Lẹ́yìn Ida ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló kógbá sílé ní Louisiana, owó ẹ̀ wá fò sókè. Kó gba iye méjèèjì kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan, torí ilé tó rọjú yẹn, ìnṣọ́ránsì ẹ̀ lè má rọjú. Tó bá ti rí ilé kan pàtó, ẹ fi àdírẹ́sì ẹ̀ ránṣẹ́ sí inbox mi, mo máa yà wò ó bá a lọ́jọ́ tí mo bá níṣẹ́ lápá ibẹ̀, mo máa wo abẹ́ ilé àti òrùlé.