Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: pákó ẹ̀gbẹ́ gìtá ń kán mọ́ mi lọ́wọ́

Onígìtá Tákíẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Gìtá kẹta tí mò ń kàn rè é. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì ló ti kán, ìbàdí gìtá náà ni méjèèjì sì ti kán. Ọ̀gànwó ni, mo rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì gbáko kí n tó gbé e sára páìpù gbígbóná láti tẹ̀ ẹ́ bí ìrísí gìtá. Ṣé kí n rẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, àbí kí n wá owó ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́?

Baba Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọ̀yọ́: Àbúrò, omi kọ́ ló ń tẹ igi, iná ni. Ohun tó so fọ́nrán igi pọ̀ ló ń rọ̀ bó bá gbóná dénú. Omi kàn ń bá a gbé ooru wọlé ni, kí igi má baà jó. Wọ́n omi sí i lára, ó tó. Báwo ló ṣe nípọn tó?

Onígìtá Tákíẹ́: Bíi mìlímítà 3, sà.

Baba Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ̀n-ẹ́n! Fá a wá sí 2, tàbí 2 lé díẹ̀. Ohun tó ń kán an nìyẹn.

Ìyá Akẹ̀sán: Ẹ̀gbọ́n, èmi ṣì máa ń rẹ tèmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú o, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Onígìtá, ta omi sára páìpù: bó bá kàn ń hó jẹ́ẹ́jẹ́, ó kù; bó bá ń ta pàràpàrà tó ń jó kiri, ó ti tó. Bíi 150 sí 200°C ni. Kó o wá gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ lé ẹ̀yìn pákó, kó o di òun àti pákó mú pọ̀ bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn tó ń nà ló ń kán, kì í ṣe inú tó ń ká. Má fi irin dúdú ṣe é o, òun àti omi lè sọ ọ̀gànwó di dúdú.

Ọmọ Wẹ́dà: Má ra ẹ̀rọ kankan. Pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, pákó á tutù sí ọ lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́. Páìpù irin lásán àti iná gáàsì nínú ẹ̀, ó parí. Ṣáà má lo páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò, èéfín ẹ̀ ò dáa. Wo iṣan igi náà pẹ̀lú: èyí tí iṣan ẹ̀ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdáná ni kó o gbé e lọ.

Onígìtá Tákíẹ́: Mo fá a dé 2.2, mo fi páànù sí i. Ìbàdí ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ó dún "kẹ́ẹ́" lẹ́ẹ̀kan, àyà mi já, àmọ́ kò kán! Ó ti wà nínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tó ń dì í mú bí ìrísí gìtá, látàná, kó má baà nà padà. Àtàǹpàkò tó jóná ni mo fi ń tẹ èyí.