Gìtá tuntun tí mo rà dé pẹ̀lú àpá lára: ṣé kí n dá a padà?

TíṣàOnígìtá (Kàbà)

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí màá kábàámọ̀.

Tíṣà ni mí ní Kàbà níbí, èmi náà ni mo ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Gìtá tí mò ń lò bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn etí tí a fi ń fún okùn rẹ̀ ti kán, pínsà ni mo fi ń yí i. Àwọn ọmọ kọ́yà ti sọ pínsà ọ̀hún lórúkọ. Mo wá ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá, mo fi ra òmíràn lọ́wọ́ ìsọ̀ kan l'Ékòó tó ń polówó lórí WhatsApp. 165,000 náírà, owó wébíìlì 8,000 lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi wọ́n pé ṣé tuntun ni. "Tuntun inú páálí ni, ọ̀gá."

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ gbà á ní gáréèjì. Kí n tó ṣí i ni nǹkan ti ń kọ mí lóminú: tépù méjì ló wà lẹ́nu páálí, aláwọ̀ ilẹ̀ lókè, funfun lábẹ́, ọ̀bẹ sì ti la ti abẹ́ yẹn já. Mo ní bóyá àwọn agbófinró ojú ọ̀nà ni. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ìpara irun ló kọ́kọ́ kí mi. Kì í ṣe òórùn igi, kì í ṣe ti gọ́ọ̀mù. Ìpara irun!

Ọ̀rá tín-ín-rín tó máa ń bo ike ẹ̀gbẹ́ ihò àyà gìtá tuntun ti lọ. Ìlà píìkì, ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn, kún ìsàlẹ̀ ihò náà. Okùn ti dúdú níbi tí ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé lábẹ́ okùn tín-ín-rín méjèèjì, fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) àkọ́kọ́ dé ìkẹta ti ní kòtò. Mo fi èékánná fà á, èékánná há. Síbẹ̀ káàdì ìsọ̀ ṣì so mọ́ orí rẹ̀, funfun bí lékeléke.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ dùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ta ohùn G, ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná wá wo ohun tó ń dún. Mo kọ̀wé sí ìsọ̀, wọ́n ní èyí tó wà níta fún àwọn oníbàárà láti dán wò ni, pé àwọn á dá 10,000 padà fún mi, tàbí kí n dá a padà láàárín ọjọ́ méje, kí n sì san wébíìlì fúnra mi. Òní ni ọjọ́ kẹta. Ìkórè wa ku Sunday méjì. Kí ni kí n ṣe?

Ọwọ́Igi (Lọ́kọja)

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún gìtá ṣe. Ẹ fi àpá ara igi sílẹ̀ ná, ká sọ ti fírẹ́ẹ̀tì. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀ ṣe é, okùn tín-ín-rín méjì yẹn sì jẹ́ irin tó le jù ú lọ. Títẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó dán gìtá wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ìsọ̀ kò lè gbẹ́ kòtò tí èékánná á há sí. Gìtá ẹnì kan ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọyẹ́ bò yín lójú o. Lóòótọ́, tí ọyẹ́ bá wọlé, igi ọrùn á gbẹ, á sún kì, ẹnu fírẹ́ẹ̀tì á wá yọ síta, á máa họ ọwọ́. Ìyẹn lè ṣe tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í gbẹ́ kòtò sábẹ́ okùn.

Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Ẹ wo àárín: bébà ló yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá, kì í ṣe ìka. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì 12, ẹ ta á. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ẹ tún ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kó jáde. Ẹ tan iná fóònù sínú ihò, ẹ wò ó bóyá ìhà kankan ti là. Ṣùgbọ́n irin tó wà nínú ọrùn, ẹ má yí i rárá, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

ÌyáAláṣọ (Ìsánlú)

Èmi ò mọ gìtá, bàtà àti aṣọ ni mò ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Tí oníbàárà bá dá bàtà padà fún mi, àtẹ́lẹsẹ̀ á sọ fún mi bóyá ó ti wọ̀ ọ́ re òde. Tó bá ti wọ̀ ọ́, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo dín owó rẹ̀. Òun tún páálí lẹ̀ ni.

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín fi nọ́ńbà tirẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀ irú gìtá yẹn ní ìsọ̀ kan náà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 165,000. Ohun tó bá kù lowó yín, 10,000 kọ́. Ẹ ya fọ́tò tépù méjèèjì kí ọmọdé tó fi páálí ṣeré. Ẹ máa kọ̀wé sí wọn, ẹ má pè wọ́n. Òfin FCCPA ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà tí kò bá bá ohun tí wọ́n júwe mu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e re ìkórè o! Ẹnì kan á ju fídíò sórí Facebook, wọ́n á sì ní ẹ ti lò ó.

BéèsìÀgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Willie Nelson, olórin ará Amẹ́ríkà, ra gìtá Martin N-20 ní 1969, ó ta á títí igi àyà rẹ̀ fi lu sí ihò kejì, òun náà ló sì ń tà títí di òní. Láti 1995 ni iléeṣẹ́ Fender tó ń ṣe gìtá ti ń fi ọwọ́ ara wọn họ gìtá tuntun kó lè dà bí ogbó, àwọn ènìyàn sì ń san owó gọbọi lé e. Ohùn dùn, ìyàwó jó dé. Kí lẹ tún ń wá?

TíṣàOnígìtá (Kàbà)

Bàbá, ìyàwó ò jó o, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Ihò Willie Nelson, òun ló lu ú. Ẹni tó ra Fender yẹn náà mọ̀ pé wọ́n họ ọ́. Tí wọ́n bá pè é ní tòkunbọ̀ fún mi, bóyá inú mi ì bá dùn láti rà á. Mi ò mọ ọwọ́ ta ni mo gbà, ìpara rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Ọwọ́Igi, mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ọrùn tọ́, inú ò là. Ní 12, okùn B nìkan ló gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ọwọ́Igi (Lọ́kọja)

Okùn ogbó lè fa ti B yẹn. A jẹ́ pé fírẹ́ẹ̀tì nìkan ni. A lè fi fáìlì ha á kó tẹ́jú, àmọ́ irin yẹn ń tán lọ ni, kì í hù padà.

TíṣàOnígìtá (Kàbà)

Ọjọ́ kẹfà rè é. Ìyàwó mi béèrè: tòkunbọ̀ irú rẹ̀, 110,000. Mo wá kọ̀wé pé kí wọ́n dá 55,000 padà, tàbí kí wọ́n gba ẹrù wọn. Wọ́n kà á, wọn ò fèsì fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tó yá wọ́n ní 20,000, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mo ní rárá. Wọ́n gbà láti san ìdajì wébíìlì.

Láàárọ̀ yìí mo gbé e lọ sí gáréèjì. Kí n tó dì í, mo ta G lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní purọ́. Tépù tèmi ni mo fi lé orí méjì tó wà níbẹ̀, ó wá di mẹ́ta. Owó ò tíì wọlé. Pínsà la máa fi ṣe ìkórè.