Ọmọ mi mọ olú-ìlú gbogbo ìpínlẹ̀, síbẹ̀ 7 nínú 20 ni wọ́n fún un

Màmá Dára: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi débi pé n ò tíì jẹun. Ọmọ mi gba 7 nínú 20 nínú Sọ́ṣà Stọ́díìsì, ọmọ tó ń ka ìpínlẹ̀ 36 àti olú-ìlú wọn geere tí àlejò fi ń fún un lówó! Àǹtí tuntun kan ló dé lẹ́yìn Kérésì, kì í kíni dáadáa, ó ní kí wọ́n ya ọ̀nà láti ilé dé súkúù kí wọ́n fi àríwá àti gúúsù sí i. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ìlú márùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó kọ Òṣogbo mọ́ ọn, àǹtí fa igi lé e, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú átíláàsì wa kedere. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Tákìé: Ẹ yọ ọ́ jàre. Báyìí ni wọ́n ṣe fojú àwọn tèmi gbolẹ̀ nígbà kan, mo sunkún délé.

Tíṣà Àgbà: Ẹ má tíì yọ ọmọ o. Kíláàsì wo ló wà? Ìpínlẹ̀ mélòó ló wà nínú átíláàsì yẹn, ẹ kà á.

Màmá Dára: Ti bọ̀dá mi ni, bébà rẹ̀ dáa ju ti ìsinsìnyí lọ. 21 ni mo kà.

Tíṣà Àgbà: Ó ti pẹ́ nìyẹn. August 1991 ni wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, Òṣogbo bá a lọ. 1996 la tó di 36. Àǹtí ò ṣẹ̀ yín. Ẹ bi ọmọ léèrè, apá ibo ni Ìlọrin wà sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tó dúró sí?

Màmá Dára: Mo bi í. Ó nawọ́ sí àjà. Ó ní òkè ló wà nínú átíláàsì.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà Ìlọrin: Háà. Bí mo bá ń lọ Ìlọrin láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi loòrùn máa ń wà, bí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọwọ́ ọ̀tún náà ni. N ò ka ìwé púpọ̀ o.

Ìyá Ìbejì Tákìé: Àríwá ni Ìlọrin, àríwá sì ni òkè, kí lọmọ ṣì?

Tíṣà Àgbà: Ìyá Ìbejì, òkè bébà kọ́ ni òkè ọ̀run. Tèmi, Primary 1 àti 2, inú kíláàsì àti ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀, ta ló jókòó lọ́tùn-ún ẹ. Primary 3 a bọ́ síta, a ri igi mọ́lẹ̀, a ń wo òjìji rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìlà-oòrùn. Primary 4 ìlú wa àti ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ọ̀yọ́. Primary 5 ni Nàìjíríà, ibi tí Odò Ọya ti pàdé Benue ní Lọ́kọ́jà, ká tó kan Áfíríkà àti ayé ní 6. Màmá Dára, ẹ ò tíì sọ kíláàsì ẹ̀.

Màmá Dára: Primary 5. Ọmọ ọdún 8 ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e fo Primary 3, torí pé ó ń ka olú-ìlú yẹn.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà Ìlọrin: Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!

Tíṣà Àgbà: Ẹ má bá a wí o, kò sí ẹ̀bi ọmọ níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ti Primary 3 yẹn nílé. Ẹ ra átíláàsì tuntun, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta, ẹ yí i títí apá Ìlọrin inú ẹ̀ á fi kọjú sí ọ̀nà Ìlọrin gan-an, kó wá dúró lé Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá Dára: Ẹ ṣeun sà. Kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́la a máa ri igi mọ́lẹ̀. Ṣé ti ìgbálẹ̀ á tó?

Tíṣà Àgbà: Ó ti tín-ín-rín jù. Ẹ wá èyí tó ga dé orúnkún ẹ̀.