"Fíìmù olórin" kọ́, àforinsọ ni

Láti Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlẹ́ṣà ní kí á máa pe irú sinimá tí wọ́n ń fi orin àti ijó sọ ìtàn (musical lédè Gẹ̀ẹ́sì), bíi La La Land ti ọdún 2016, ní "fíìmù olórin", nítorí pé "ìfẹ́ olórin méjì tí kò tíì rọ́wọ́ mú" ló dá lé. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọlé sí mi létí.

Oní àti orin di olórin, ìyẹn kò ní ìjà. Ẹ̀yìn fíìmù tí wọ́n gbé e kà ni wàhálà wà. Bí mo bá ní fíìmùu Táyọ̀, etí yín á gbọ́ fáwẹ̀lì tó fà láàárín, ẹ ó sì mọ̀ pé Táyọ̀ ló ni ín. Fáwẹ̀lì ni olórin fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó máa fà níbẹ̀. Ṣé fíìmù tí olórin ni ni, àbí èyí tó sọ nípa olórin, àbí èyí tí orin wà nínú rẹ̀?

Olórin méjì gan-an dà? Atẹdùùrù jáàsì ni Sebastian, ilé ìgbáfẹ́ tara rẹ̀ ló ń wá. Mia ń ta kọfí, ó ń lọ fún ìdánwò eré, wọ́n ń dá a padà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá ní Los Angeles ni eré fi bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, orin sọ. Ta ni olórin nínú wọn? Ẹ wá wo ibi tí Mia ti dúró níwájú àwọn tó ń dán an wò, tó ń ròyìn àǹtí rẹ̀ tó bẹ́ sódò ní Paris. Ọ̀pọ̀ orin fíìmù náà ni wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó yí, tí òṣèré kàn ń fi ẹnu bá a lọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibẹ̀ ni Emma Stone, tó ṣe Mia, ti kọ ọ́, dùùrù ló sì ń tẹ̀lé e, kì í ṣe òun ló ń tẹ̀lé dùùrù. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, tó ń dúró, tó ń fà. Ó fi orin sọ ọ́. Bí a ti ní àfẹnusọ, eré àforinsọ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí à yẹn o! Aforinsọ á di ènìyàn, bí akọrin àti apẹja. Ní ti "fíìmù aláàárò" tí wọ́n fi kún un, fún sinimá tó ń mú àárò sọni, mo gbà á, bí ẹ bá lè yé kọ ọ́ ní aláàárọ̀. Fíìmù òwúrọ̀ kọ́ ni.

Láti Ìlẹ́ṣà:

Àbúrò, o kú iṣẹ́ gírámà. Gbólóhùn odindi ni wọ́n fi dá Òṣómàáló, ìnagijẹ àwa Ìjẹ̀ṣà, fún wa níhìn-ín, wọn ò tọrọ ààyè lọ́wọ́ mọ́fíìmù kankan, ìyẹn àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tò pọ̀ yẹn. Ìwọ tó wo fíìmù náà tó bẹ́ẹ̀, ṣé o sùn nígbà tí wọ́n dé Griffith, ilé ìwòràwọ̀ ní Los Angeles, ni? Àwọn méjèèjì gbéra nílẹ̀, wọ́n ń jó láàárín ìràwọ̀, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Àforinsọ tí kò sẹ́ni tó kọrin!

Àwọn àgbà kò fi èyí ṣe ìyọnu. Láti 1944 ni Ògúnńdé ti ń fi orin àti ijó gbé eré kalẹ̀, eré Ògúnńdé là ń pè é. Àjàní Ògún ti 1976 kún fún orin bámúbámú, sinimá ni. Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ ńkọ́? Ṣàngó pípè, oríkì àti bàtá ló gbé e ró, a kì í sì í kọ Ṣàngó pípè bí ẹní kọrin, pípè là ń pè é. Fíìmù olórin ni tèmi. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó pè é ní fíìmù oníjó-olórin.

Láti Ilé-Ifẹ̀, ẹlòmíràn:

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Bí a- ohùn àárín bá jẹ́ ti ènìyàn nìkan, kí wá ni a ó ṣe sí lítíréṣọ̀ alohùn, ìyẹn ewì àti ìtàn àtẹnudẹ́nu? Ta ló ń lo ohùn níbẹ̀, lítíréṣọ̀ àbí ènìyàn? Ọmọ Ifẹ̀ ẹgbẹ́ mi ni kó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, oníjó-olórin yẹn, orúkọ ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí ló jọ.