Ọkọ̀-ilé kékeré la rà, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe sí i?

Ọmọ Títì béèrè pé:

Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀. Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀-ilé kékeré kan ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ni tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ín ṣáájú wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ilé. Ìwé rẹ̀ sọ pé tòun tẹrù, kò gbọdọ̀ ju 3,500 kílò lọ. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn, sítóòfù gáàsì olójú méjì wà, fíríìjì kékeré wà, bátìrì olómi 100Ah (ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú nìyẹn) méjì tó ń gbé iná inú ilé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyí: sólà lórí òrùlé, ínfátà ńlá, kí ìyàwó mi lè máa fi kẹ́tùlù iná se omi, irin tí a ó fi gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sẹ́yìn, àti àga pákó gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tí ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, á máa jókòó sí tí a bá ń lọ. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ tàbí-ṣùgbọ́n, àfi kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Èmi ò rí àyè tí a máa gbé e sí.

Nǹkan kan tún ń kọ mí lóminú. Igun òkè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń rùn, bí a bá sì jí láàárọ̀, ara pákó ibẹ̀ máa ń tutù. Ẹni tó tà á fún wa ní èémí wa ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Nínú gbogbo rẹ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ dáwọ́ lé?

Jagun Sólà dáhùn pé:

Ọ̀gá, sólà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé gùn ún! Wáàtì 400, kò gbọdọ̀ dín. Tí iná bá ti wà, ìyókù á tò.

Ìyá Arìnrìnàjò dáhùn pé:

Jagun, ẹ rọra o. A ò tíì mọ iye tí ọkọ̀ náà wọ̀n, ẹ ti ń gbé ẹrù lé e lórí.

Ọmọ Títì, ẹ kú oríire. Ẹ á fi rìnrìn àjò ayọ̀. Ẹ gbé gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn tì ná, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ rọ epo kún, ẹ rọ omi kún, ẹ kó aṣọ, ìkòkò, ìrọ̀rí, ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, bí ẹni pé ìrìn àjò gan-an lẹ̀ ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ ìwọ̀n sí: ti gbogbo ọkọ̀, ti ẹsẹ̀ iwájú, ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ọ̀gá. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe Jagun.

Gbogbo ènìyàn tó bá ra ọkọ̀ kékeré ló máa ń bẹ̀rù pé àyè ò ní gbà wọ́n. Àyè kọ́ ló ń kọ́kọ́ tán, kílò ni. Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kọ́ ọkọ̀ yìí fẹ́ràn pákó tó ki, pákó tó ki sì ń wúwo. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì 80 lítà tó bá kún, ẹ ti gbé àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ dání nìyẹn. Ọkọ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù fún, bíréèkì rẹ̀ kì í tètè mú, táyà rẹ̀ a sì máa gbóná títí á fi bẹ́.

Ti kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní mítà 3.5 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá fi kẹ̀kẹ́ àti irin rẹ̀ tó jẹ́ 50 kílò kọ́ sí mítà 1.75 sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kì í ṣe 50 ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa rù o, 75 ni. Ibo ni 25 yẹn ti wá? Ara ẹsẹ̀ iwájú ló ti gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ iwájú tó fúyẹ́ kì í gbọ́ràn sí sítíárì lẹ́nu lójú ọ̀nà tó tutù, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú náà ni ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọkọ̀.

Bí ẹ ṣe dúró síbẹ̀, ẹ wo ara táyà. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀-ilé kì í rìn púpọ̀, nítorí náà ojú táyà á ṣì dára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti là nítorí ọjọ́ orí. Ojú rẹ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ó wá ku igun tó ń rùn. Ẹni tó tà á lè má parọ́. Èémí àti òógùn ẹni mẹ́ta mọ́jú lè ju ìdajì lítà omi lọ, ibi tó bá tutù jù lára irin ló sì máa bà sí. Ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo? Ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ẹ fi aṣọ nu ibẹ̀ títí á fi gbẹ, ẹ gé fóìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹ mọ́ ọn, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ yípo kí afẹ́fẹ́ má wọbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ títí òjò á fi rọ̀. Tí omi bá wà lójú fóìlì tó kọjú sí yín, èémí ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn fóìlì ló tutù, òrùlé ń jò. Kẹ́ ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ pákó ibẹ̀: tó bá rì, ó ti ń jẹrà.

Ilé tó ń jò, a kì í gbé sólà lé e. Ihò mìíràn lẹ tún fẹ́ lu yẹn.

Mo fi ọ̀rọ̀ àga sẹ́yìn, àmọ́ òun ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àga tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n kàn mọ́ pákó, ẹ lè jẹun lórí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti dúró. Tí ọkọ̀ bá ń lọ, ibi tí ọmọ gbọdọ̀ jókòó ni àga tó kọjú síwájú tàbí sẹ́yìn, tí bẹ́líìtì rẹ̀ wọ inú irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Pákó ò lè di ọmọ mú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá já lu nǹkan. Tí iwájú bá ní ìjókòó mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá àga ọmọdé á wọ̀ ọ́. Tí kò bá ní, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó fi ìjókòó tí wọ́n ti dán wò sí i, kì í ṣe káfíńtà.

(Èmi ni mo máa ń gun òrùlé nílé wa o. Ọkọ mi ló ń wakọ̀, òun náà ló sì ń sun oorun tí mo bá di sípánà mú.)

Bàbá Onísùúrù dáhùn pé:

Ìyá Arìnrìnàjò ti sọ ọ́ tán. Kẹ́tùlù iná nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Àbúrò mi Ọmọ Títì, kẹ́tùlù ilé máa ń tó wáàtì 2,000. Ẹ fi 12V pín in: amp 167 ni, a ò tíì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Iná tí lítà omi kan máa jẹ kó tó hó ò pọ̀, bíi Wh (wáàtì-wákàtí) 100 sí 120 ni. Agbára tó fi ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà ló burú. Bátìrì olómi méjì yẹn á rọ lójú ẹsẹ̀, ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wáyà tó bá tún tín-ín-rín á gbóná débi tí rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́. Sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, ẹ gbé omi kaná.

Gáàsì náà ní òfin tirẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ihò fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí tí sílíńdà ń gbé. Ẹ wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dáadáa, kì í ṣe ẹnì kan kì í ṣe ẹni méjì ni mo ti rí tó fi nǹkan dí i torí òtútù. Tẹ́ ẹ bá máa lọ síbi tó tutù, oríṣi gáàsì ìdáná tó ń jẹ́ propane ni kẹ́ ẹ rà: omi inú sílíńdà rẹ̀ ṣì ń di gáàsì títí dé -42°C, nígbà tí oríṣi kejì, butane, ti ń sinmi ní nǹkan bí 0°C. Kẹ́ ẹ má sì tan sítóòfù láti fi yá iná sùn láéláé. Ẹ ra aláàmù carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná ń tú jáde níbi tí afẹ́fẹ́ ò bá tó. Gáàsì yẹn kò rùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá ti sùn kì í mọ ìgbà tó dé.

Jagun Sólà dáhùn pé:

Ó dáa, mo túúbá lórí wáàtì 400. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ó yí bátìrì yẹn padà o. Olómi 100Ah kan máa ń wọn kílò 25 sí 30, ìdajì iná inú rẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn lò kó má baà tètè kú. Lithium (LiFePO4) 100Ah kan, kílò 11 sí 13 ni, ẹ sì lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kan ṣoṣo á ṣe iṣẹ́ méjì. Ìyá, ṣé ẹ rí i, èmi náà ń bá yín dín kílò kù!

Ọmọ Títì dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti lọ wọ̀n ọ́n. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,310 kílò. Iwájú 1,440, ẹ̀yìn 1,870. Irin ẹnu ilẹ̀kùn ní ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ ju 2,000 lọ. Ẹ̀yìn fóìlì tutù rinrin, ojú rẹ̀ gbẹ. Pákó ò tíì rì. Fèrèsé òrùlé wà lókè ibẹ̀ gan-an, gọ́ọ̀mù funfun ló wà ní etí rẹ̀. Ìjókòó mẹ́ta wà níwájú, àga ọmọ wọ̀ ọ́, ti àga pákó ti parí. Ìyàwó mi ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Arìnrìnàjò dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́! 190 kílò ló kù fún gbogbo ọkọ̀, 130 péré ló kù fún ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ àti irin rẹ̀ á kó 75 nínú rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí àyè ṣeréṣeré mọ́.

Gọ́ọ̀mù funfun yẹn, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ sílíkóònù ilé ìwẹ̀. Ẹ má kun òmíràn lé e lórí, nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́ sílíkóònù, títí kan sílíkóònù fúnra rẹ̀. Ẹ tú ìdè fèrèsé látinú, ẹ gbé e kúrò, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ oníke ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀bẹ irin á ha ọ̀dà ara òrùlé, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá dà bíi pé ó ti tán, ẹ fi ìka yín rìn án yípo ní ojú dídì: ibi tó bá ń yọ̀, ó ṣì kù. Ẹ fi oògùn tó ń yọ sílíkóònù pa á, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ìgbà náà ni kẹ́ ẹ tẹ́ butyl, téèpù rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, yípo, kẹ́ ẹ gbé fèrèsé padà, kẹ́ ẹ mú ìdè rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀ láti igun sí igun tó dojú kọ ọ́. Butyl á sun jáde létí. Ẹ má fà á yọ lọ́jọ́ náà, ẹ tún mú ìdè náà le lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó gé èyí tó yọ.

Pákó tó tutù yẹn, ẹ tú u kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba afẹ́fẹ́ títí á fi gbẹ. Tẹ́ ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀ báyìí, ẹ ti tọ́jú omi síbẹ̀ nìyẹn.

Lórí bátìrì, Jagun sọ òótọ́, mo fara mọ́ ọn. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún un. Lithium kì í fẹ́ kí wọ́n ṣájì òun tí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0°C, nítorí náà inú ilé ni kó máa gbé. Ó ń fa iná gan-an, ó sì lè sun alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe iná, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rọ DC-DC, tó ń dín iná tó ń kọjá kù, sáàárín wọn. Fíúsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí bátìrì tímọ́tímọ́, kì í ṣe ní ìparí wáyà. Sólà wáàtì 200 tó yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ òjìji, igun kékeré tí òjìji bá bò lórí pánẹ́ẹ̀lì lè fa púpọ̀ nínú iná rẹ̀ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìyàwó yín ti máa jáde. Bátìrì méjì tó kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kílò 50 ó kéré tán ni, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti kúrò. Ẹ gbé lithium síbi tó sún mọ́ àga awakọ̀. Àyè tí bátìrì fi sílẹ̀ á gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ èyí tó ṣe é gbé, tí táǹkì ìdọ̀tí rẹ̀ tó lítà 10 sí 20. Ẹ wọn gíga rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, àwọn kan ga jù fún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n pèsè fún dída ìdọ̀tí nìkan ni kẹ́ ẹ máa dà á sí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo gbà á sílẹ̀.