Ilé-ìwé wo ni ká fi àwọn ọmọ sí ní Dubai?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ ọkọ mi ń gbé wa lọ sí Dubai lóṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kò sì jẹ́ kí n sùn. Ètò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wù mí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ti àwọn ará Íńdíà rọjú díẹ̀, àmọ́ oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń wọlé. Mo ti ka èsì àyẹ̀wò KHDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé-ìwé aládàáni níbẹ̀. Èdè Lárúbáwá ló ń já mi láyà jù. Dandan ni, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí mi tó wà ní JSS 2 kò dá lẹ́tà kan mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlá, ṣé wọ́n ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀? Owó bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.