Ṣé tí sáyẹ́ǹsì bá yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, irọ́ ló ń pa tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

ỌmọLáàbù kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kòkòrò àìsàn tí apá oògùn ò ká mọ́ la ń ṣèwádìí lé lórí, mi ò sì rò pé ọjọ́ kan á wà tí màá jókòó tí màá máa wá bí mo ṣe máa dá àbúrò màmá mi lóhùn lórí WhatsApp títí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ mi lórí àga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo fi ọ̀rọ̀ kan nípa àjẹsára sí gírúùpù ẹbí wa, kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Àǹtí mi wá fi ohùn ránṣẹ́ padà. Wọn ò bú mi o, ohùn wọn tutù pẹ̀lẹ́, wọ́n ní "Ọmọ mi, nígbà tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ẹ ní ẹni tára ẹ̀ bá dá ò nílò ìbòmú, kò tíì pé oṣù mẹ́fà ẹ tún ní gbogbo wa la gbọ́dọ̀ bo imú. Ẹni tó bá sọ tibí lónìí tó sọ tọ̀hún lọ́la, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Ni mo bá jókòó, mo kọ èsì tó gùn gan-an, mo ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ míì ṣe ń yẹ ìwádìí wò kó tó jáde, mo tún fi líǹkì ìwé ìwádìí mẹ́rin sí i (méjì nínú ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó lè kà á, ìgbà tí mo ti fi ránṣẹ́ tán ni mo tó rántí). Mo rí i lábẹ́ orúkọ wọn pé wọ́n ń tẹ nǹkan, ó lọ, ó tún padà, ó tún lọ, nígbà tó máa jáde, "A dúpẹ́ ọmọ mi" nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ àgbà á mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni "a dúpẹ́" yẹn tì.

Ó dùn mí nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ń sọ fún èèyàn pé yíyí ọ̀rọ̀ padà wà lára iṣẹ́ yìí, tí wọn ò ní rò pé ẹ̀ ń tàn wọ́n?

Akọ̀wé_Àná fèsì:

Àbúrò, o kú ìtara o. Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án ni pé mò ń kọ ìròyìn ìwádìí jáde fún ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn, torí náà jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ wa kó o tó máa wá ibi tí àǹtí ẹ ti ṣàṣìṣe.

Gbogbo ìgbà làwọn onímọ̀ máa ń sọ pé àwọn oníròyìn ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lọ́dún 2014 àwọn olùwádìí kan láti Yunifásítì Cardiff kó ìwé ìròyìn 462 tí yunifásítì 20 tó lóókọ ní Gẹ̀ẹ́sì kọ jáde nípa ìlera, wọ́n fi wé ìwé ìwádìí gangan, wọ́n rí i pé 40 nínú 100 ló fún aráàlú nímọ̀ràn tó le ju ohun tí ìwádìí sọ lọ, àti pé nínú àwọn tó jẹ́ pé ẹranko ni wọ́n dán an wò lára ẹ̀, 36 nínú 100 ló sọ ọ́ bíi pé èèyàn ni. Ilé wa ni omi ti kọ́kọ́ dà rú kó tó ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn. Ohun tó wá dùn mí jù níbẹ̀ ni pé wọn ò rí ẹ̀rí pé àsọdùn yẹn tiẹ̀ mú káwọn oníròyìn gbé e ju èyí tí ò lásọdùn lọ.

Èmi náà ṣe é. Ìwádìí kan lórí eku ni, mo fi ọ̀rọ̀ "eku" sí ìpínrọ̀ kẹfà. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin kan pè wá, ìyàwó ẹ̀ ló ń ṣàìsàn yẹn, ó ní ibo lòun ti máa rí oògùn náà rà. Mo ní "Sà, eku ni wọ́n fi dán an wò." Kò sọ nǹkan kan, mo ṣáà ń gbọ́ bó ṣe ń mí, lẹ́yìn náà ó rọra gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, eku máa ń wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ mi.

Ohun kejì, ẹ má máa sọ pé ewu "di ìlọ́po méjì" kẹ́ ẹ wá dákẹ́ síbẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1995, ìjọba kìlọ̀ pé oríṣi oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń sọ ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni. Àmọ́ obìnrin 1 nínú 7,000 ló di 2 nínú 7,000, bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Jìnnìjìnnì bá àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ ju oògùn wọn nù lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi nǹkan bí 13,000 lé sí i, bẹ́ẹ̀ oyún fúnra ẹ̀ ń mú kẹ́jẹ̀ dì ju oògùn yẹn lọ. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Iye tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni wọn ò sọ.

OjúLoRí fèsì:

Gbogbo ohun tí ọ̀gá yìí sọ dáa, àmọ́ mo fẹ́ kó wá sí i lọ́kàn wa pé kì í ṣe bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìkan ló fa àìgbàgbọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ti fi wọ́n ṣeré rí. Ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, láti 1932 títí di 1972, àwọn dókítà ìjọba ń wo àwọn ọkùnrin dúdú bí 400 tó ní àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni tí wọ́n ń pè ní syphilis, wọn ò tọ́jú wọn, wọ́n kàn ń wo bó ṣe ń bà wọ́n jẹ́ ni, kódà nígbà tí penicillin ti di oògùn tí gbogbo ayé fi ń wo àrùn náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Ẹ ò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò lóye sáyẹ́ǹsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló yé e.

Èyí tó tún kàn ọ́ gan-an, ỌmọLáàbù, ni ọ̀rọ̀ àrùn màlúù tó gba Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní 1989 ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ kọ ọ́ pé kò jọ pé àrùn náà á ran èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé tó bá jẹ́ pé àwọn ti ṣìrò, nǹkan tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ á burú gidigidi. Gbólóhùn kejì yẹn ni kò rìn jìnnà. Ohun tí aráàlú rí ni mínísítà ètò ọ̀gbìn níwájú kámẹ́rà lọ́dún 1990, tó ń fi ẹran inú búrẹ́dì bọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, pé kò séwu. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, oṣù kẹta 1996, ìjọba yẹn kan náà dìde ní ilé aṣòfin, wọ́n ní ó jọ pé ọ̀dọ̀ màlúù làwọn ọ̀dọ́ kan ti kó àrùn ọpọlọ tó ń pa wọ́n. Ó lé ní 170 èèyàn tó kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Torí náà, tí àǹtí yín bá ń béèrè, ẹ má rò pé wọn ò mọ̀wé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló ń ronú bí onísáyẹ́ǹsì jù nínú gírúùpù yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́rẹ́ fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò kàwé tó yín, ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo wà. Tẹ́lẹ̀, tí ìyá kan bá ti ní òun ò fẹ́ torí ó ń fa autism, ìyẹn ìṣòro bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, kíá mo ti bẹ̀rẹ̀, màá ní ìwé ìwádìí ọdún 1998 kan ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ọmọ 12 péré ni wọ́n fi ṣe é, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn tó gbé e jáde fúnra ẹ̀ ti fà á padà ní 2010. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ ìyá yẹn á ti máa wo ilẹ̀kùn.

Nísinsìnyí ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni "Màmá, kí lẹ gbọ́?" màá sì dákẹ́. Ìyá kan wà, ó fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra, ó ní nígbà tí wọ́n gún un kẹ́yìn, ara ẹ̀ gbóná mọ́jú, òun ò sùn, ẹni tó gún un ò sì sọ fún òun pé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ìwé ọdún 1998 rárá! Nǹkan tí mo fẹ́ fi bá a jiyàn kọ́ ló wà lọ́kàn ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún un, mo ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti èyí tó bá ṣẹlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gbé ọmọ wá kíá. Ó ká apá aṣọ ọmọ náà sókè fúnra ẹ̀.

Ẹ bi àǹtí yín léèrè, ẹ má tíì ṣàlàyé.

Olùṣọ́Pápá fèsì:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ohun tó wà lẹ́nu mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan tì í lẹ́yìn torí mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná nukilia Chernobyl ní Ukraine bú gbàù ní oṣù kẹrin 1986, afẹ́fẹ́ gbé èròjà olóró dé òkè àwọn àgbègbè Cumbria ní Gẹ̀ẹ́sì, òjò sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sórí koríko táwọn àgùntàn ń jẹ. Ní oṣù kẹfà ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ ta àgùntàn wọn, àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n fara balẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n mú òfin yẹn kúrò lórí àwọn oko tó kù? 2012.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí èròjà yẹn ṣe ń ṣe, nínú amọ̀ ó máa ń há mọ́lẹ̀ kò ní gòkè mọ́. Ilẹ̀ orí òkè yẹn kì í ṣe amọ̀, ilẹ̀ dúdú tó rin ni, tó kún fún koríko tó ti jẹrà, ṣe ni gbòǹgbò koríko ń fà á sókè padà, àgùntàn á jẹ ẹ́, á yà á sílẹ̀, yóò tún wọ ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá fẹ́ dán nǹkan wò, wọ́n sé àwọn àgùntàn mọ́ inú ọgbà. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn sọ fún wọn pé ẹran òkè kì í gbé inú ọgbà, á kàn rù ni, ẹ ò ní mọ èyí tí ìdánwò yín fà àtèyí tí ọgbà fà. Wọn ò dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n rọra pa ìdánwò náà tì.

Brian Wynne, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Lancaster, lọ jókòó ti àwọn olùṣọ́ àgùntàn yẹn, ó fetí sí wọn, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n pàdánù ìgbàgbọ́ wọn kì í ṣe àṣìṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn nìkan, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ bíi pé ó dá wọn lójú hán-ún ni, àti pé wọn ò bi ẹni tó mọ òkè yẹn bí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

ỌmọLáàbù kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ló ń já mi láyà: tí mo bá ń sọ pé "kò tíì dá wa lójú" ní gbogbo ìgbà, ṣé wọn ò ní sọ pé a ò mọ nǹkan kan nìyẹn?

Akọ̀wé_Àná fèsì:

Sọ èyí tó dá ẹ lójú pọ̀ mọ́ èyí tí ò dá ẹ lójú, má fi ìkan sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2011 àwọn onímọ̀ kan ń fi neutrino, ìyẹn ègé tín-tìn-tín tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, ránṣẹ́ láti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì nítòsí Geneva, lọ sí Gran Sasso ní Ítálì, bíi kìlómítà 730, ohun tí wọ́n wọ̀n sì fi hàn pé ó fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ, èyí tí ò yẹ kó ṣeé ṣe. Wọ́n jáde, wọ́n ní ohun tí a rí nìyí, a ti wá àṣìṣe títí a ò rí i, ẹ bá wa wá a. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n rí i, wáyà kan ni wọn ò kì wọlé dáadáa. Ó ká wọn lára o, olórí wọn fipò sílẹ̀, mi ò ní sọ pé iṣẹ́ yìí máa ń rọrùn fún olóòótọ́. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní opurọ́.

ỌmọLáàbù kọ:

Ó dáa. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mi ò kọ ọ́ rárá. Mo kọ́kọ́ bi wọ́n pé "Àǹtí, kí ló bí yín nínú jù nínú ọ̀rọ̀ ìbòmú yẹn?" Wọ́n ní pé wọ́n ń sọ fún àwọn bí ẹni ń sọ fún ọmọdé.

Mo wá ní: "Àǹtí, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ohun tí a rò ni pé ẹni tó bá ń wúkọ́ ló ń kó o ran èèyàn, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lórí pé kí gbogbo èèyàn lo ìbòmú ò pọ̀, ìbòmú gan-an sì ti wọ́n débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ò rí lò. Nígbà tó yá a wá rí i pé ẹni tí ò tíì rẹ̀ náà lè kó o ran ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé fi yí ìmọ̀ràn wọn padà ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ohun tí a ṣe tí ò dáa ni pé ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, a sọ ọ́ bíi pé ó ti dá wa lójú, a ò sì sọ ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì síta tó. Ẹ má bínú."

Mi ò fi líǹkì kankan sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kọjá, kò sí èsì, ẹ̀rù ti ń bà mí. Ni ohùn wọn bá wọlé, ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n ní ṣé tó bá jẹ́ pé ti nọ́ọ̀sì ni, kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ì bá fún nọ́ọ̀sì ní tàwọn, wọ́n wá ní àjẹsára tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́sí, ta ló dán an wò, àwọn mélòó ni, ṣé àwọn tó tó tàwọn lọ́jọ́ orí wà níbẹ̀?

Mo ń wá iye àwọn àgbàlagbà tó wà nínú ìdánwò náà báyìí. Tẹ́nì kan bá mọ ibi tó ti ṣeé kà láìsanwó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.